Rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin 4th Tennessee: Charlotte ni wọ́n ti túúbá ni, àbí Washington ní Georgia?

Olùwádìí_Ìdílé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ti 1861 sí 1865, ni ìbéèrè mi dá lé. Ọkùnrin kan wà nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ Tennessee tó ní òun ṣe ológun ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ ìhà Gúúsù, nínú 4th Tennessee Cavalry. Mo fẹ́ mọ ibi tí rẹ́jímẹ́ǹtì yìí wà ní oṣù tó kẹ́yìn ogun, ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti ibi tí wọ́n ti túúbá. Ohùn mẹ́ta ni mo ń gbọ́. Àkópọ̀ ìtàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní wọ́n túúbá pẹ̀lú Ọ̀gágun Joseph Johnston ti Gúúsù lẹ́bàá Durham, North Carolina, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1865. Káàdì ọmọ ogun kan ní Charlotte ni, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún. Ìwé mìíràn ní Washington, Georgia ni, pé wọ́n ń sin Jefferson Davis, ààrẹ ìhà Gúúsù, lọ. Báwo ni rẹ́jímẹ́ǹtì kan ṣe túúbá níbi mẹ́ta? Èwo ni kí n mú?

Bàbá_Máàpù:
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè jẹ́ òótọ́. Rẹ́jímẹ́ǹtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ 4th Tennessee Cavalry, tí àwọn méjèèjì sì jọ wà lábẹ́ Ọ̀gágun Joseph Wheeler nígbà tí ogun ń lọ sópin. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdààmú ti wá.

Èkíní ni ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì James Starnes. Ó kú lójú ogun lẹ́bàá Tullahoma ní ọdún 1863, William McLemore sì gba ipò rẹ̀. Àwọn ìwé kan ń pe rẹ́jímẹ́ǹtì yìí ní 3rd Tennessee. Èkejì ni ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Baxter Smith, tí àwọn ìwé kan ń pè ní 8th. Kí ọ̀rọ̀ tún wá lọ́jú pọ̀ sí i, 8th Tennessee mìíràn wà, ìyẹn ti George Dibrell láti Sparta, tí àwọn kan ń pè ní 13th. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin Tennessee kóra jọ nígbà tí ọ̀tá ti gba olú ìlú wọn, Nashville. Bàtálíọ̀nù kékeré-kékeré ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pe ara wọn lójú ogun yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ ogun ní Richmond, olú ìlú Gúúsù, kọ sílẹ̀.

Nítorí náà ẹ gbàgbé nọ́ńbà ná. Orúkọ kọ́nẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ wá, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ kápútéènì tó ń darí kọ́ńpánì ọkùnrin yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ káúńtì tó ti wọ iṣẹ́ ogun. Bí ẹ bá ti ní kápútéènì lọ́wọ́, ọ̀nà ti là. Lẹ́tà kọ́ńpánì nìkan kò tó, nítorí Kọ́ńpánì A, B, C wà nínú àwọn méjèèjì.

Olùwádìí_Ìdílé:
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi to ìrìn àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bàbá_Máàpù:
Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ogun Bentonville, North Carolina, ọjọ́ 19 sí 21 oṣù Kẹta 1865, torí pé ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣì ti wà pẹ̀lú Wheeler.

Ti Baxter Smith ni kí n kọ́kọ́ mú. Wọ́n wà nínú bìrìgéèdì (àkójọ rẹ́jímẹ́ǹtì mélòó kan) tí a mọ̀ sí ti Harrison, pẹ̀lú 8th Texas, 11th Texas àti 3rd Arkansas. Ní ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ìpín ológun Ọ̀gágun Mower ti ìjọba àpapọ̀ (ìhà Àríwá) já wọlé láti apá òsì Johnston, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé afárá Mill Creek, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ogun Johnston lè gbà sá. Ọ̀gágun Hardee kó ìwọ̀nba ẹlẹ́ṣin tó rí jọ, 8th Texas àti 4th Tennessee ti Smith, ó ní kí wọ́n kọ lù wọ́n, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ará Georgia sì kún wọn. Afárá náà kò bọ́. Willie, ọmọkùnrin Hardee tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, gun ẹṣin tẹ̀ lé àwọn ará Texas nínú ìkọlù yẹn. Ọta bà á, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ní Hillsborough. Bí ẹ bá ka ìtàn ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun wà nínú ìkọlù afárá Mill Creek pẹ̀lú àwọn ará Texas, ti Smith ló ń sọ, kì í ṣe ti McLemore.

Lẹ́yìn Bentonville, Johnston fà sẹ́yìn sí agbègbè Smithfield. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ni Sherman, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, gbéra ní Goldsboro, ọjọ́ 13 ló wọ Raleigh. Àwọn ẹlẹ́ṣin Wheeler ló ń bo ẹ̀yìn ogun. Wọ́n wà ní Chapel Hill láti ọjọ́ 14 títí di ọjọ́ 16, ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n sì kúrò. Ẹlẹ́ṣin ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú náà ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 17 yẹn gan-an ni Sherman àti Johnston kọ́kọ́ pàdé nílé James Bennett, láàárín Hillsborough àti Durham Station. Láti ìgbà náà, ìdádúró ogun ti wà, ìrìn ẹlẹ́ṣin kò sì lágbára mọ́, wọ́n kàn ń sún lọ sí ìwọ̀ oòrùn ni. Charlotte ni àwọn ti Smith ti gba ìwé páróòlù wọn, ìwé tó jẹ́ kí ẹni tó túúbá lọ sílé lẹ́yìn tó ṣèlérí pé òun kò ní jagun mọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 3 tó wà lára káàdì yín bá ìrìn yìí mu.

Ti McLemore yàtọ̀ pátápátá. Inú ìpín ológun Dibrell ni wọ́n wà. Ìpín yìí ní bìrìgéèdì méjì: ti Dibrell fúnra rẹ̀, tí McLemore ń darí nígbà náà, àti ti àwọn ará Kentucky lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì W. C. P. Breckinridge. Nígbà tí Jefferson Davis kúrò ní Greensboro ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, Dibrell ni wọ́n ní kó máa sìn ín lọ. Wọ́n dé Charlotte ní ọjọ́ 19. Ibẹ̀ ni Davis ti gbọ́ pé wọ́n ti pa Lincoln. Wọ́n kúrò ní Charlotte ní ọjọ́ 26, ọjọ́ tí Johnston fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: nígbà tí kálámù ń kan ìwé nílé Bennett, àwọn ti McLemore ń gun ẹṣin lọ sí South Carolina.

Láti Charlotte, wọ́n gba Yorkville, wọ́n gba Union, wọ́n dé Abbeville ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún. Bìrìgéèdì ẹlẹ́ṣin márùn-ún ló wà níbẹ̀: ti Dibrell, ti Breckinridge, ti Basil Duke, ti Vaughn àti ti Ferguson. Davis pe àwọn ọ̀gá wọn jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí ogun máa bá a lọ. Gbogbo wọn sọ fún un pé ogun ti parí, pé ohun tó kù tí àwọn lè ṣe ni kí àwọn ràn án lọ́wọ́ kó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Lóru yẹn ni wọ́n tún gbéra, wọ́n gba orí afárá ọkọ̀ kọjá odò Savannah ní Vienna, wọ́n sì wọ Georgia. Lẹ́bàá odò náà ni àwọn ọmọ ogun ti ní àwọn kò ní lọ mọ́ bí wọn kò bá pín wúrà àti fàdákà ìjọba tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. John C. Breckinridge, mínísítà ogun, gbà fún wọn. Tó $108,000 ni wọ́n pín, nǹkan bí dọ́là 26 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn.

Davis bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ni 4th Michigan Cavalry mú un lẹ́bàá Irwinville. Àwọn ti Dibrell kò sí níbẹ̀. Àgbègbè Washington, Georgia ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba páróòlù ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀gágun James Wilson ti ìjọba àpapọ̀.

Màmá_Fíìmù:
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ mẹ́ta kún un nítorí ẹni tó máa lọ ka àwọn wáyà tẹlígíráàfù ìgbà náà. Breckinridge méjì ló wà nínú ìtàn yìí, mọ̀lẹ́bí sì ni wọ́n: mínísítà ogun àti kọ́nẹ́ẹ̀lì Kentucky. Bí wáyà bá kàn kọ «Breckinridge», ẹ wo ìlú tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ àti ipò ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kẹ́ ẹ tó pinnu. Abbeville náà méjì ni: ti South Carolina ni ìpàdé ọjọ́ 2 ti wáyé, àmọ́ Davis tún gba Abbeville ti Georgia kọjá kí wọ́n tó mú un. Ẹni tó bá ní rẹ́jímẹ́ǹtì McLemore dé Abbeville ti Georgia ti sọ ìrìn wọn di gígùn ju bó ṣe rí lọ. Ìkẹta, Washington yìí wà ní Wilkes County, kì í ṣe olú ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe atọ́ka lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ «Washington, D.C.» sí ìdí orúkọ àwọn kan tí káàdì wọn kàn kọ «Washington».

Ọmọ_Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà, kò yé mi. Bí ti Smith bá gba páróòlù ní Charlotte ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, kí ló dé tí àkópọ̀ ìtàn ní wọ́n túúbá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin? Ṣé ọjọ́ méjì ni wọ́n túúbá ni?

Màmá_Fíìmù:
Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ ya ìlà mẹ́ta fún wọn nínú ìwé yín. Èkíní ni àdéhùn: ọ̀gágun fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Èkejì ni ibi tí ọmọ ogun wà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta ni ibi àti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé páróòlù lé e lọ́wọ́. Àkópọ̀ ìtàn máa ń kọ àkọ́kọ́, káàdì máa ń kọ ìkẹta, ẹni tó ń wádìí sì máa ń pa àárín pọ̀ mọ́ ọn.

Àdéhùn ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin kan gbogbo ọmọ ogun tó wà ní North Carolina, South Carolina, Georgia àti Florida, iye wọn sì tó 89,000. Kò sí ọ̀nà tí gbogbo wọn fi lè wà nílé Bennett, ilé oko kékeré ni. Ìkọ̀wé orúkọ bẹ̀rẹ̀ ní Greensboro ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tàn dé Salisbury, Charlotte àti àwọn ìlú mìíràn níbi tí ìpín ológun bá wà.

Irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ ní Alabama. Richard Taylor, ọ̀gágun Gúúsù mìíràn, túúbá ní Citronelle ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, àmọ́ Gainesville ni àwọn ẹlẹ́ṣin Forrest ti gba páróòlù tiwọn. Bí ẹ bá rí káàdì tó ní «surrendered at Citronelle» tó sì ní «paroled at Gainesville» nísàlẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ Citronelle rí.

Bàbá_Máàpù:
Ó sì dára kí ẹ mọ ohun tó wà nínú àdéhùn àti àfikún rẹ̀ tí Johnston àti Schofield, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ kan, fọwọ́ sí, torí ó ń ṣàlàyé àwọn nǹkan tó máa dàrú lójú yín. Àwọn ẹlẹ́ṣin lè mú ẹṣin tó jẹ́ tiwọn lọ. Bìrìgéèdì kọ̀ọ̀kan lè mú ìbọn ìdá kan nínú méje iye ènìyàn rẹ̀ dání títí wọ́n á fi dé ìpínlẹ̀ wọn. Nítorí náà, bí ìwé kan bá ní wọ́n rí ẹlẹ́ṣin Gúúsù tó gbé ìbọn lójú ọ̀nà ní àárín oṣù Karùn-ún, ẹ má yára pè é ní ẹni tó kọ̀ láti túúbá. Àwọn ará Texas àti Arkansas ní ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ ojú omi láti Mobile tàbí New Orleans. Ìyẹn ló fà á tí orúkọ 8th Texas tàbí 3rd Arkansas fi ń jáde ní èbúté, tí orúkọ àwọn ará Tennessee tí wọ́n jọ wà nínú bìrìgéèdì kan kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn kò dúró. Wheeler fúnra rẹ̀ kúrò pẹ̀lú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti tẹ̀ lé Davis, wọ́n sì mú un ní Georgia ní oṣù Karùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú 8th Texas náà yọ́ lọ kí ìkọ̀wé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀. Iye tó wà lórí ìwé páróòlù rẹ́jímẹ́ǹtì kan kì í ṣe iye tó kù láàyè lọ́jọ́ náà.

Ọmọ_Ìtàn:
Ó ti yé mi wàyí, ẹ ṣé.

Olùwádìí_Ìdílé:
Màmá, ibo ni mo ti máa rí àwọn káàdì yìí, báwo ni mo sì ṣe máa kà wọ́n?

Màmá_Fíìmù:
Ọ̀dọ̀ National Archives ti Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, nínú àkójọ RG 109. Fíìmù M231 ni atọ́ka orúkọ àwọn ọmọ ogun Gúúsù láti Tennessee. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ níbẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ́jímẹ́ǹtì tí wọ́n fún un sílẹ̀, kódà bí nọ́ńbà kò bá jọra, torí ọkùnrin kan lè ní àpòòwé méjì lábẹ́ nọ́ńbà méjì. Lẹ́yìn náà ni M268, níbi tí àpòòwé ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà. Ní M268, wọ́n to rẹ́jímẹ́ǹtì sí nọ́ńbà àti orúkọ ọ̀gá, nítorí náà 4th ti McLemore àti 4th ti Smith wà lọ́tọ̀. Fold3, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní wọn, ẹ sì lè lò ó láìsanwó lórí kọ̀ǹpútà inú ilé National Archives.

Bí ẹ bá ṣí àpòòwé, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Káàdì páróòlù sábà máa ń wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ẹ wo ohun mẹ́rin lórí rẹ̀: àkọlé ìwé tí wọ́n ti yọ orúkọ náà, ibi páróòlù, ọjọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé orúkọ fúnra rẹ̀, tó bá wà. Ọjọ́ ìwé orúkọ àti ọjọ́ páróòlù lè yàtọ̀. Bí káàdì bá ní ìwé náà kò ní ọjọ́, ẹ wo káàdì ọmọ ogun mẹ́wàá mìíràn nínú kọ́ńpánì kan náà. Bí mẹ́jọ nínú wọn bá ní Charlotte, ọjọ́ 3, ẹ ti rí ibi tí kọ́ńpánì náà dúró sí. Ẹ má fi káàdì ẹnì kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́ rẹ́jímẹ́ǹtì.

Ẹ rántí pé àdàkọ ni káàdì. Ọdún 1903 ni ilé iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ìwé Gúúsù kọ sórí káàdì. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló kọ ọ́, ó ń ka ìwé tó ti ṣá, tí omi ti kàn. «McLemore» ti di «McLenmore», «Anderson» ti di «Andrews». Bí orúkọ ìlú tàbí ọjọ́ kan bá dá yàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀, ojúlówó ìwé ni ibi àyẹ̀wò. Fún North Carolina, M1781 ni fíìmù ìwé orúkọ àwọn tó gba páróòlù níbẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ máa rí kọ́ńpánì náà bí wọ́n ṣe tò ó, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀gá wọn.

Ìwé páróòlù gan-an, bí ìdílé bá ṣì ní in lọ́wọ́, kúkúrú ni: orúkọ, ipò, rẹ́jímẹ́ǹtì, pé ẹni náà ti ṣèlérí pé òun kò ní gbé ohun ìjà sí ìjọba Amẹ́ríkà títí wọ́n á fi tú ìlérí náà, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu bó ti ń lọ sílé. Ìfọwọ́sí méjì ló máa ń wà lórí ti ogun Johnston, ti ọ̀gá Gúúsù kan àti ti aṣojú ìjọba àpapọ̀. Ní Greensboro, orúkọ William Hartsuff ni ẹ máa rí fún aṣojú yìí.

Bàbá_Máàpù:
Fún ìrìn ojoojúmọ́, àkójọ ìwé ogun tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀, tí a mọ̀ sí Official Records, ni kí ẹ ṣí. Ìdìpọ̀ 47, apá 3, ni wáyà àti lẹ́tà North Carolina láti opin oṣù Kẹta títí wọ inú oṣù Karùn-ún. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé náà ni 100. Apá 1, nọ́ńbà 98, ni àwọn ìròyìn ogun. Ìdìpọ̀ 49, apá 2, nọ́ńbà 104, ni wáyà Wilson láti Macon. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Washington, Georgia wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó ń wá McLemore á ka ìdìpọ̀ 47 tán, kò ní rí nǹkan kan lẹ́yìn àárín oṣù Kẹrin, á wá ní rẹ́jímẹ́ǹtì náà ti tú ká. Kò tú ká. Ó ti kúrò nínú àgbègbè tí ìdìpọ̀ yẹn ń sọ ni, ó ti wọ inú ti ìdìpọ̀ 49. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má wá «4th Tennessee» nínú atọ́ka nìkan. Wáyà kì í pe rẹ́jímẹ́ǹtì, ọ̀gá bìrìgéèdì tàbí ìpín ló ń pè. Ẹ wá «Dibrell» fún èyí, ẹ wá «Harrison», «Baxter Smith» àti «Wheeler» fún ìyẹn. Nọ́ńbà 4th Tennessee tó wà nínú àwọn ìdìpọ̀ yìí tún lè jẹ́ ti rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin ìjọba àpapọ̀, torí Tennessee pín sí méjì, àwọn tó gbè sẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ náà ní 4th Tennessee Cavalry tiwọn. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí wáyà kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń ya máàpù, odò ni kí ẹ fi ṣe òpó, kì í ṣe ojú ọ̀nà òde òní. Stoneman, ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin ìjọba àpapọ̀, ti já ojú irin káàkiri ìwọ̀ oòrùn North Carolina, ó sì sun ilé ìkẹ́rùsí Salisbury ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. Afárá àti ibi ìsọdá ló ń pinnu ọ̀nà. Ní ibi ìsọdá odò Savannah, omi adágún tí ìdídò dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún ti bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ agbègbè náà, nítorí náà máàpù tí wọ́n yà ṣáájú ìdídò ni kí ẹ lò.

Ọmọ_Ìtàn:
Mo rí ọmọ ogun kan tí káàdì rẹ̀ parí sí oṣù Kejì 1864. Kò sí páróòlù kankan. Ṣé ó sá lójú ogun ni?

Màmá_Fíìmù:
Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ènìyàn lórí nítorí pé ìwé kò sí. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpánì ẹlẹ́ṣin Wheeler kò ní ìwé ìkàyé tó yè lẹ́yìn 1864. Wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, àpótí ìwé bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, òmíràn jóná. Ẹni tó sá, káàdì tó ní «deserted» tàbí ìwé ìbúra lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ń fi í hàn. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kàn kọ pé ìwé rẹ̀ parí níbẹ̀.

Ẹ wá wo M598, àkójọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun, bóyá wọ́n mú un. Ẹ wo àwọn káúńtì Tennessee fún ìwé ìbúra oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà 1865, ní Nashville tàbí Chattanooga. Ẹni tó ti gba páróòlù ní Georgia lè tún búra ní Chattanooga lójú ọ̀nà ilé, kí àtọ́ka wá kọ Chattanooga bí ibi tó ti túúbá. Ìwé ìbúra àti ìwé páróòlù kì í ṣe ọ̀kan náà: páróòlù dá ogun dúró, ìbúra sọ ọ́ di ọmọ ìjọba padà.

Olùwádìí_Ìdílé:
Ìwé owó ìfẹ̀yìntì tí mo mẹ́nu bà ńkọ́? Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Bàbá_Máàpù:
Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì Tennessee bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ti àwọn opó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1905. Ẹni tó ń kọ ọ́ ti dàgbà, ogun sì ti lọ ní ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tó bá a fọwọ́ sí i ṣe pàtàkì ju tirẹ̀ lọ nígbà mìíràn, torí ẹlẹ́rìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ wà ní kọ́ńpánì kan. Ẹ lọ wá káàdì ẹlẹ́rìí náà.

Àwọn ìwé ìbéèrè tí Tennessee fi ránṣẹ́ sí àwọn ológun tó ti darúgbó ní 1914 sí 1915 àti 1920 sí 1922 tún wà ní Tennessee State Library and Archives, ìdáhùn tó lé ní 1,600. Wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun àti bí wọ́n ṣe rìn dé ilé. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń tú àṣírí. Ẹni tó bá ní àwọn gba nǹkan bí dọ́là 26 ní wúrà tàbí fàdákà, odò Savannah ló ń sọ, ìyẹn ti McLemore. Ẹni tó bá ní àwọn gba dọ́là kan àti ìwọ̀nba sẹ́ǹtì, owó fàdákà tí Johnston pín fún ogun rẹ̀ ní agbègbè Greensboro ni. Mo fẹ́ràn àmì yìí gan-an, torí ènìyàn lè gbàgbé orúkọ ìlú, kì í tètè gbàgbé owó ìkẹyìn tó kàn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ fi káàdì tì í lẹ́yìn, nítorí àwọn àgbàlagbà máa ń ka ìtàn ara wọn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì máa ń gba ẹyọ kan mọ́ tiwọn.

Ọmọ_Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó dání ńkọ́? Mo rí i kà pé àwọn ọ̀gá ẹlẹ́ṣin máa ń mú ẹrú wọn lọ sójú ogun.

Màmá_Fíìmù:
Ẹ kú ìrònú. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kó wọn lọ, láti tọ́jú ẹṣin, láti dáná, láti ru ẹrù. Wọn kò yàn án, wọn kò sì gba owó ọmọ ogun. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í sábà rí orúkọ wọn lórí ìwé páróòlù. Rẹ́jímẹ́ǹtì tí ìwé rẹ̀ ní 200 ènìyàn lè ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ rárá, orúkọ kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú «servant» níwájú orúkọ ọ̀gá.

Ní 1921, Tennessee ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n bá ọmọ ogun Gúúsù lọ, fọ́ọ̀mù wọn sì dá yàtọ̀. Ó bi wọ́n léèrè orúkọ olówó wọn àti rẹ́jímẹ́ǹtì tó wà. Àwọn fọ́ọ̀mù yìí wúlò fún ìdílé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé ẹrú náà jẹ́ ọmọ ogun Gúúsù. Bí ẹ bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù Karùn-ún 1865, ẹ wo ìwé Freedmen's Bureau (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹrú tó ti gba òmìnira) ti Tennessee fún àdéhùn iṣẹ́ oko, ẹ sì wo ìwé Freedman's Bank, báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn, fíìmù M816, níbi tí onífowópamọ́ ti máa ń sọ orúkọ òbí, orúkọ àwọn ọmọ ìyá, àti orúkọ ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì aláwọ̀ dúdú ti ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú, torí tó 20,000 ọkùnrin ló wọ iṣẹ́ náà ní Tennessee. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ní 1863 lè ti wọ aṣọ ìjọba àpapọ̀ ní 1864, kí ó sì ní ìwé tó pé ju ti olówó rẹ̀ àtijọ́ lọ.

Olùwádìí_Ìdílé:
Mo ti padà sórí ìwé náà. Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ ní «Paul Anderson», ó sì ní ẹṣin òun bá òun délé.

Bàbá_Máàpù:
Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Paul Anderson ni igbákejì kọ́nẹ́ẹ̀lì nínú rẹ́jímẹ́ǹtì Baxter Smith, òun ló sì darí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí Smith wà ní ẹ̀wọ̀n ogun. Ẹ ṣí àpòòwé 4th ti Smith ní M268, kì í ṣe ti McLemore. Ọ̀rọ̀ ẹṣin náà bá àdéhùn Johnston mu, àmọ́ kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí káàdì bá jáde pẹ̀lú Charlotte, ẹ kọ ọ́ báyìí sínú ìwé ìdílé: ọmọ ogun 4th Tennessee Cavalry, ti Baxter Smith, tí wọ́n tún ń pè ní 8th, àdéhùn ìtúúbá, ilé Bennett, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1865, páróòlù, Charlotte, North Carolina, ọjọ́ tó wà lórí káàdì. Ẹ kọ nọ́ńbà fíìmù àti orúkọ àpòòwé sábẹ́ rẹ̀.

Màmá_Fíìmù:
Bí àpòòwé Smith kò bá ní orúkọ rẹ̀, ẹ gbìyànjú 8th Tennessee ti Dibrell kẹ́ ẹ tó jáwọ́, torí ìdàpọ̀ nọ́ńbà 8th ti gbé káàdì ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Ẹ wá orúkọ bàbá pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan, bíi «J. W.», nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé páróòlù Charlotte ṣe kọ ọ́.